Kí Ìjọba Èkìtì Ka Ìrókò Kí Wọ́n Tó Tà Á

Ìpínlẹ̀ Èkìtì kò gbọdọ̀ fún ẹnikẹ́ni ní ìwé àṣẹ mọ́ láti gé ìrókò, àpá tàbí ọ̀gànwó tó hù fúnra rẹ̀, ìbáà jẹ́ nínú igbó ọba, ìbáà jẹ́ nínú oko kòkó, títí ìjọba yóò fi ka iye tó kù, tí yóò sì gbé iye náà síta fún ará ìlú. Ìdájọ́ wa nìyẹn. A mọ̀ pé ó le. A mọ̀ pé àwọn kan yóò pàdánù owó nítorí rẹ̀, àti pé àwọn tí kò ṣẹ̀ yóò jẹ nínú ìyà náà. A rò ó síwá, a rò ó sẹ́yìn, kí a tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Pákó tí wọ́n ń tẹ́ sí ilẹ̀ yàrá ló gbé ọ̀rọ̀ yìí wá. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ilé ni kì í lo táìlì ní pálọ̀. Pákó ni wọ́n ń tẹ́ láti ògiri dé ògiri, wọn á sì fi epo tàbí fáníìṣì pa á. Igi tí yóò ṣe iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ le, kò gbọdọ̀ máa wú tàbí kó máa sún kì bí ojú ọjọ́ bá yí padà, ikán kò sì gbọdọ̀ rí i gbé ṣe. Tíìkì ilẹ̀ Éṣíà wà lára èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ń wá kiri fún un. Nígbà tí tíìkì wọ́n gógó, wọ́n yíjú sí tiwa. Ìrókò di arọ́pò tíìkì. Àpá, tí àwọn oníṣòwò Yúróòpù ń pè ní doussié, di ààyò fún ilé tí wọ́n ń gba abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ gbé omi gbígbóná kọjá nígbà òtútù, nítorí pé ooru náà kì í mú un ká kò. Afrormosia, igi mìíràn tó wà láti Ivory Coast títí dé Kóńgò, gba ojú ọ̀nà kan náà lọ, wọ́n sì gé e débi pé ní 1992 àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti igi tó wà nínú ewu, èyí tí a mọ̀ sí CITES, fi orúkọ rẹ̀ sínú àkójọ àwọn ohun tí a kò gbọdọ̀ tà láìsí àyẹ̀wò. Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù pákó ní London lónìí, ẹ ó rí ìrókò, ọ̀pẹ̀pẹ̀ àti ìdígbò lórí ìwé iye owó wọn.

Àwa náà mọ ilẹ̀ onípákó. Nígbà tí owó kòkó ń wọlé, ọ̀pọ̀ ẹni tó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Adó, ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí ní Ìjerò kò da dẹ́kìn; pákó ni wọ́n tẹ́ sórí ìtì igi láti fi ṣe ilẹ̀ yàrá òkè. Díẹ̀ nínú ilé wọ̀nyí ṣì dúró. Ẹ gun àtẹ̀gùn wọn, kí ẹ sì wo ohun tó kù. Páànù orí ilé ti dípẹtà. Ògiri ti sán láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ikán ti jẹ férémù fèrèsé tí wọ́n fi igi yẹpẹrẹ pààrọ̀ lẹ́yìn ikú bàbá onílé. Ṣùgbọ́n pákó ìrókò tí bàbá náà tẹ́ ṣì gbé àgbà mẹ́wàá dúró láì dún, àyàfi níbi tí ìṣó ti tú. Irú igi tí à ń sọ nìyẹn. Kò yà wá lẹ́nu pé gbogbo ayé fẹ́ ẹ.

Àwọn tó ń la igi ní sọ́mìlì Adó mọ̀ ọ́n ju bí a ti mọ̀ ọ́n lọ. Wọ́n mọ̀ pé bí ìrókò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ là, inú rẹ̀ á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹni fẹ́ funfun, oòrùn ni yóò wá sọ ọ́ di àwọ̀ ilẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ìyẹ̀fun rẹ̀ ń yún ni lára, ó sì ń múni sín. Wọ́n mọ òkúta inú rẹ̀ pẹ̀lú: ohun líle kan tó ń dì sínú igi náà, èròjà kan náà tó wà nínú èèpo ẹyin. Lójú kò sẹ́ni tó lè mọ ibi tó fara pamọ́ sí, àfi ìgbà tí ayùn bá kọ lù ú. Ariwo ẹ̀rọ á yí padà, eyín ayùn á kú, iṣẹ́ á dúró títí wọn yóò fi pọ́n òmíràn. Igi tó gba àádọ́ta ọdún, ọgọ́rùn-ún ọdún, nígbà mìíràn ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́nà méjì kó tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, wákàtí kan péré ló gbà láti sọ ọ́ di pákó.

Kí ló dé tí irú igi alágbára bẹ́ẹ̀ fi lè tán nílẹ̀? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti yàtọ̀ sí ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò. Ìrókò ní akọ, ó ní abo. Òdòdó akọ wà lórí igi kan, ti abo wà lórí òmíràn, afẹ́fẹ́ ló sì ń gbé lẹ́búlẹ́bú láti ọ̀dọ̀ èkíní dé ọ̀dọ̀ èkejì. Bí agégi bá ti mú gbogbo akọ tó wà nítòsí lọ, abo tó kù lè dúró bẹ́ẹ̀ títí tí yóò fi gbẹ láìbí ọmọ kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ń kọjá lọ yóò rí i, yóò ní ìrókò ṣì wà ní ìlú wa. Ó wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìrandíran rẹ̀ ti parí.

Èso tó bá sì so, àdán ló ń jẹ ẹ́, tó ń gbé hóró rẹ̀ lọ síbi tó jìnnà. Àdán yìí kan náà ni à ń fi ìbọn já lulẹ̀ fún ọbẹ̀. Bí hóró bá wá hù, kòkòrò kékeré kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Phytolyma lata á yé ẹyin sára ọ̀mùnú rẹ̀. Ewé àti ọ̀mùnú á wú kókó-kókó, kókó náà á bẹ́, á jẹrà, orí igi náà á sì kú. Nínú igbó tó dí, níbi tí ìrókò kéékèèké ti jìnnà síra wọn lábẹ́ ibòji, àwọn kan máa ń là á já. Níbi tí wọ́n bá gbìn wọ́n pọ̀ sójú kan nínú oòrùn, kòkòrò yìí kì í dá púpọ̀ sí. Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ nípa igbó, títí kan àwọn ti ilé ìwádìí FRIN ní Ìbàdàn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1954, ti ń bá kòkòrò náà jà. Òun ni ìdí pàtàkì tí kò fi sí oko ìrókò ńláńlá ní ilẹ̀ wa bí oko tíìkì àti mẹ̀láínà ṣe wà.

Ti àpá kò dára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ti ṣa èso rẹ̀ nínú igbó rí kò ní gbàgbé rẹ̀: hóró dúdú tó ń dán, tó dé fìlà pupa rẹ́súrẹ́sú. Ó ń pẹ́ dàgbà. Láti ìhà odàn dé ààlà igbó, àwọn darandaran máa ń gé ẹ̀ka rẹ̀ fún màlúù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nígbà tí koríko bá tán, igi tí wọ́n bá sì ń gé ẹ̀ka rẹ̀ lọ́dọọdún kì í so bó ṣe yẹ. Kí èyí tó kù tó mí, ẹ̀ńjìnnì agégi ti dé. IUCN, àjọ tó ń ṣe ìwé nípa ohun abẹ̀mí tó wà nínú ewu lágbàáyé, kọ àpá àti ọ̀gànwó mọ́ àwọn tí ewu ìparun ń rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lé lórí. Láti 1998 ni ó ti kọ ìrókò sí ìpele tó tẹ̀lé e, ìyẹn àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú ewu náà.

Nítorí èyí ni a kò fi lè gba ọ̀rọ̀ tí a ń gbọ́ nígbà gbogbo lẹ́nu ìjọba àti àwọn onígẹdú, pé bí a bá gé ọ̀kan a ó gbin méjì. Kí ni wọ́n ń gbìn? Tíìkì àti mẹ̀láínà ni. Igi tó dára ni méjèèjì, a kò bá wọn jà. Wọ́n ń yá dàgbà, wọ́n ń wúlò fún òpó iná àti igi ìkọ́lé, ó sì yẹ kí Èkìtì gbìn wọ́n jù báyìí lọ sí ilẹ̀ tó ti di aṣálẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó gé ìrókò tó gbin mẹ̀láínà kò dá ohun tó mú padà. Àwọn baba wa tó sọ pé àti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, nítorí pé bó bá dàgbà tán apá kì í ká a mọ́, ìgbà tí ìrókò ń hù lẹ́yìn ilé láìbéèrè ni wọ́n sọ ọ́. Ìṣòro tiwọn ni bí yóò ṣe pọ̀ jù. Àwa ni ìran àkọ́kọ́ tí yóò máa wá èyí tó kéré kiri láti dáàbò bò ó.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ òfin, nítorí pé àwọn kan yóò sọ pé ayé ti gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ wa. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ní ìpàdé CITES tó wáyé ní Panama ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò pé gbogbo irú àpá tó wà ní Áfíríkà àti gbogbo irú ọ̀gànwó ilẹ̀ Áfíríkà yóò wọ Àfikún Kejì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí irú igi bẹ́ẹ̀ tó kọjá ibodè, àwọn onímọ̀ orílẹ̀-èdè tó ń tà á gbọ́dọ̀ jẹ́rìí pé gígé tí wọ́n gé e kò ní pa ìran rẹ̀ run nínú igbó. Nàìjíríà wà nínú àdéhùn yìí láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975. Ẹnikẹ́ni kò sì lè jẹ́ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn bí kò bá mọ iye igi tó wà nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n a ti rí ohun tí ìwé lásán lè ṣe. Igi kan wà tí àwọn oníṣòwò ń pè ní kosso, ìbátan osùn ni, odàn ló sì fẹ́ràn. Ìpàdé CITES tó wáyé ní Johannesburg ní 2016 fi í sí Àfikún Kejì, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2017. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, àjọ aṣèwádìí kan tí à ń pè ní EIA gbé ìròyìn jáde pé ìtì kosso tó ju mílíọ̀nù 1.4 lọ, tó ti Nàìjíríà lọ tí wọ́n sì dá dúró ní ibodè Ṣáínà, rí ọ̀nà wọlé nígbẹ̀yìn pẹ̀lú ìwé àṣẹ bí 4,000 tó wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba wa, lẹ́yìn tí wọ́n ti gé igi náà tí wọ́n sì ti kó o lọ. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, CITES ní kí gbogbo orílẹ̀-èdè dáwọ́ kosso rírà láti Nàìjíríà dúró. Ìwé wà. Òǹtẹ̀ wà. Ohun tí kò sí ni igi tó yẹ kí ẹnì kan ti lọ kà kí wọ́n tó tẹ òǹtẹ̀ náà.

A kò sọ èyí láti fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ibi tó kan Èkìtì ni pé ìrókò kò sí lára àwọn tí wọ́n fi sí àkójọ náà ní Panama. Bí òfin ayé bá sì tilẹ̀ kàn án lọ́la, ibodè nìkan ni agbára rẹ̀ mọ. Ìrókò tí wọ́n gé lẹ́bàá Ìkọ́gòsí tí wọ́n fi ṣe ilẹ̀kùn ní Adó kò kan CITES rárá. Òfin Kọ́sítọ́ọ̀mù tó ti pẹ́ tó fòfin de kíkó gẹdú àti pákó lílà lásán jáde náà kò ran igi lọ́wọ́ tó bí a ti rò, nítorí pé ohun tó ń béèrè ni bí wọ́n ṣe ṣe igi náà tán tó kí ó tó jáde. Kò béèrè bóyá ó yẹ kí wọ́n gé e. Ẹni tó bá la ìrókò sí pákó ilẹ̀ yàrá, tó fá a, tó sì yọ ojú ìsopọ̀ sí i lára, ti ṣe ohun tí òfin náà ń fẹ́. Igi náà ti kú bákan náà.

Àwọn tó ń rà náà lè jẹ́jọ́ bí ìjọba wọn bá fẹ́. Ní 2015, Lumber Liquidators, ilé iṣẹ́ ńlá tó ń ta pákó ilẹ̀ yàrá káàkiri Amẹ́ríkà, jẹ́wọ́ nílé ẹjọ́ pé òun kó pákó wọlé láti Ṣáínà èyí tí wọ́n fi igi tí wọ́n jí gé ní ìlà oòrùn Rọ́ṣíà ṣe. Ìtanràn àti owó tí wọ́n san ju mílíọ̀nù 13 dọ́là lọ. Àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù náà ṣe òfin ní 2023 pé ẹni tó bá ń ta igi fún wọn gbọ́dọ̀ lè fi ilẹ̀ tí wọ́n ti gé e hàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti sún ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká di gbogbo ẹ̀bi ru òyìnbó àti Ṣáínà. Òrùlé ilé wa, férémù, ilẹ̀kùn, àga ilé ìjọsìn, bẹ́ẹ̀dì ìyàwó tuntun, pákó tí wọ́n fi ń gbé kọnkéré dẹ́kìn dúró tí wọn yóò sì sọ nù lẹ́yìn oṣù kan: àwa ni à ń lò ó. A ti rí ibi tí wọ́n ti fi àpá ṣe pákó dẹ́kìn. Ìwà ìfiṣòfò tó burú ni, ẹni tó sì ń kọ́lé ní Adó tí káfíńtà rẹ̀ bá dábàá irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ̀.

Igbó Èkìtì kò tóbi. Ìpínlẹ̀ tí wọ́n yọ lára Òndó ní 1996 yìí wà lára àwọn tó kéré jù ní Nàìjíríà, òkè àti àpáta sì gba púpọ̀ nínú ilẹ̀ rẹ̀. Ní ìwọ̀ oòrùn Èkìtì, ohun tó kù fún igbó gidi wà ní ẹ̀gbẹ́ òkè, níbi tí ọkọ́ kò ti rọrùn láti lò: ní ìhà Ẹ̀fọ̀n Aláayè, ní àyíká ìsun omi gbígbóná Ìkọ́gòsí, lókè omi Aríntà ní Ìpólé-Ìlórò. Ní gúúsù, igbó ọba Ìṣẹ̀ ṣì ní ìnàkí nínú. Òtítọ́ ni, ìnàkí alààyè ní Èkìtì. Rachel Ikemeh, obìnrin tó ti ń ṣiṣẹ́ tipẹ́ láti dáàbò bo ìnàkí ìwọ̀ oòrùn gúúsù Nàìjíríà, gba ẹ̀bùn Whitley ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2020 nítorí iṣẹ́ náà. Igi ńláńlá ni ìnàkí ń kọ́ ibùsùn sí lálaalẹ́, èso igi ló sì ń jẹ. Bí ìrókò bá kúrò níbẹ̀, a kò ní lè fi ẹ̀ṣọ́ kankan dá ìnàkí dúró.

Ìlú Ìṣẹ̀ yìí náà ni Ọlọ́wẹ̀ gbé, ọ̀gá nínú àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà, tó kú ní 1938. Ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ wà nílé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Gẹ̀ẹ́sì ní London láti 1924. Ó ń dùn wá pé kò sí nílé. Síbẹ̀, igi tó fi gbẹ́ ilẹ̀kùn náà kọ́ ló pa igbó run; àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ìgbà náà ń fi àáké àti ìṣó gbígbẹ́ mú igi kan, igbó sì ń pa ojú rẹ̀ dé lẹ́yìn wọn.

Báwo wá ni à ń ṣe é lónìí? Onígẹdú yóò lọ gba ìwé àṣẹ, yóò san owó fún ìjọba. Òṣìṣẹ́ igbó ló yẹ kó lọ wo igi náà, kó fi òòlù ìjọba tẹ àmì sára ìtì àti sára kùkùté, kí ẹni tó bá rí ọ̀kan lè rí èkejì. Létí, ètò náà dára. Nínú igbó, agégi ń lọ láàárọ̀ kùtù, lọ́rí ń gba Ìgèdè, Àrámọ̀kọ̀ àti Ìtàwúrẹ́ kọjá lóru lọ sí ìhà Iléṣà, ẹ̀ṣọ́ igbó kò sì pọ̀ tó láti wà níbi gbogbo. Owó tó ń wọlé ni ìjọba ń kà. Ìyá tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba mọ iye ìdì tó kù nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kó tó gba owó lọ́wọ́ oníbàárà. Ìjọba tó ń ta igi tí òun kò gbìn, tí òun kò sì ka, kò ṣe tó ìyá náà. Bí ìjọba Èkìtì bá ti ka ìrókò rẹ̀, kí ó gbé ìwé náà síta kí gbogbo wa kà á. Bí kò bá tíì kà á, kí ló ń tà?

Nítorí náà, nígbà tí a bá ń pín ẹ̀bi, ìjọba ni yóò kọ́kọ́ gba tirẹ̀, kì í ṣe ìjọba kan péré, gbogbo èyí tó ti jẹ láti ìgbà tí igbó ti di ohun tí wọ́n ń fi wá owó fún àpò ìpínlẹ̀. Lẹ́yìn ìjọba ni àwa tí à ń rà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé ẹ̀ńjìnnì wọ igbó ló kẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ mú.

Àgbẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí wọn kì í bi léèrè. Ìrókò tó kù ní àárín Èkìtì, púpọ̀ nínú wọn kò sí nínú igbó ọba; wọ́n wà nínú oko kòkó, níbi tí bàbá kan dá wọn sí fún ibòji. Òfin ní àgbẹ̀ kò lè gé e láìgba ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n bí onígẹdú bá gba ìwé àṣẹ, igi náà á wó lu kòkó, á fọ́ igi ogún tàbí ọgbọ̀n mọ́lẹ̀, owó tí wọ́n bá sì fún olóko kì í tó ohun tó bàjẹ́. Kí ni olóko tó gbọ́n yóò ṣe sí ìrókò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù nínú oko rẹ̀? Yóò fi àdá gé e nígbà tó ṣì kéré, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó wà. A kò lè dá a lẹ́bi. Òfin tí a ṣe láti dáàbò bo igi ló ń kọ́ olóko láti pa á. Ibi tí ó ti yẹ kí àtúnṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí: kí olóko tó bá dá ìrókò tàbí àpá sí nínú oko rẹ̀ ní ìwé tó fi hàn pé tirẹ̀ ni, kí ìjọba sì máa san nǹkan fún un lọ́dọọdún fún igi kọ̀ọ̀kan tó bá ṣì dúró. Owó tí ìjọba yóò ná síbẹ̀ kò ní tó èyí tí yóò ná láti wá igi náà nígbà tó bá tán.

A gbọ́ ohun tí àwọn ará sọ́mìlì yóò sọ. Wọ́n ní ilé láti bọ́, wọ́n ní ọmọ iṣẹ́, wọ́n ti yá owó ra ẹ̀rọ. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, a kò sì kọ ọ̀rọ̀ yìí láti mú wọn jókòó lásán. Ṣùgbọ́n kí wọ́n bi ara wọn bí ìrókò tó ń dé ọ̀dọ̀ wọn ṣe tóbi tó ní ogún ọdún sẹ́yìn, àti bí ó ṣe rí lónìí. Àwọn fúnra wọn ń sọ ọ́ bí a bá jókòó tì wọ́n: ìtì tí wọn ìbá ti kọ̀ nígbà yẹn ni wọ́n ń fi ayọ̀ gbà báyìí, ọ̀nà tí lọ́rí ń rìn sì ń gùn sí i. Bí a kò bá ṣe ohunkóhun, igi náà yóò tán, sọ́mìlì náà yóò sì tì. Ohun tí à ń béèrè ni kí wọ́n yí ọwọ́ sí tíìkì, mẹ̀láínà, òpárun àti àwọn igi tí a lè gbìn tí a sì lè gé nígbà ayé wa, kí ìjọba sì fi owó ìwé àṣẹ tó ti ń gbà lọ́wọ́ wọn láti ọdún wọ̀nyí wá ràn wọ́n lọ́wọ́ láti ra ẹ̀rọ tí kì í sọ ìdajì igi di ìyẹ̀fun. Ilẹ̀ yàrá tó dára lè ti ara tíìkì tí a gbìn wá. Àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ kò ní mọ ìyàtọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

Àwọn ọba wa ní iṣẹ́ tiwọn. Ewì Adó, Alárá Àrámọ̀kọ̀, Aláayè Ẹ̀fọ̀n, Arínjalẹ̀ Ìṣẹ̀ àti àwọn yòókù ló ń ṣàkóso igbó orò àti àwọn igbó tí ènìyàn kì í kàn wọ̀. Níbẹ̀ ni àwọn ìrókò tó dàgbà jù ṣì wà, tí wọ́n ró aṣọ funfun mọ́ ìdí wọn. Ẹ̀sìn wa lè yàtọ̀ síra. Krìstẹ́nì àti Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú àwọn òǹkàwé wa, a kò sì ní kí ẹnikẹ́ni rúbọ. Ṣùgbọ́n pásítọ̀ tàbí àlùfáà tó bá ní kí wọ́n gé igi bẹ́ẹ̀ nítorí pé ẹ̀mí òkùnkùn wà níbẹ̀ ń gé ìyá tí irúgbìn tó kù yóò ti jáde. Kí kábíyèsí fòfin dè é.

Kíka igi kò ṣòro tó bí wọ́n yóò ti sọ. Yunifásítì wa ní Adó àti yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ Àkúrẹ́ ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó lè ṣe é pẹ̀lú àwọn ọdẹ tó mọ igbó. Kí wọ́n kọ ibi tí igi kọ̀ọ̀kan wà, bí ó ṣe tóbi tó, bóyá akọ ni tàbí abo, bóyá ọmọ rẹ̀ wà nítòsí. Kí ó má ju ọdún méjì lọ, kí ìwé àṣẹ sì dúró títí yóò fi parí. Lẹ́yìn náà, bí iye náà bá fi hàn pé díẹ̀ ṣeé gé láìpa ìran run, kí wọ́n gé díẹ̀ náà, kí a sì mọ igi tí wọ́n gé. Bí iye náà bá fi hàn pé kò sí èyí tó ṣeé gé, kí ìdádúró náà di òfin títí láé.

Ó ku ohun kan tí kò yẹ kó dúró de kíka. Nígbà tí ẹ̀ṣọ́ igbó bá gba gẹdú tí kò ní àmì òòlù, wọ́n máa ń lù ú ní gbàǹjo, ẹni tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ sì lè rán ẹlòmíràn wá rà á padà, pẹ̀lú ìwé tó mọ́ báyìí. Kí gómìnà fi òpin sí i lọ́sẹ̀ yìí. Ìtì ìrókò, àpá tàbí ọ̀gànwó tí ìjọba bá gbà kò gbọdọ̀ padà sí ọjà mọ́. Kí wọ́n là á sí àga àti tábìlì fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ọmọ ń jókòó sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú wọn ní ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n ti gé e, kí wọ́n sì kọ orúkọ ìlú náà àti ọjọ́ tí wọ́n gbà á sára tábìlì kọ̀ọ̀kan.